Ìtàn Ìkọ́ṣẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ilé-Ìkàwé ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà

Iṣẹ́ ọwọ́ kò ṣeé kọ́ ní òkèèrè. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí yóò di alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ fín ẹwìrì kí ó tó gba òòlù lọ́wọ́ ọ̀gá. Èyí tí yóò di ahunṣọ yóò ti ran òwú fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jókòó sí ìdí òfì. Bákan náà ni ó rí lọ́dọ̀ àwọn aláró Kánò àti lọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ Bonwire ní ilẹ̀ Àṣáńtì. Nígbà tí iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé dé sí àwọn yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìbéèrè kan bá a dé, ìbéèrè náà kò sì tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní: ṣé ibi tí ìwé wà ni ó yẹ kí a ti kọ́ iṣẹ́ ìwé, àbí inú gbọ̀ngàn tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé?

Ìtàn fi hàn pé inú ilé-ìkàwé gan-an ni ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé ti ṣẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jáde kúrò níbẹ̀, tí ó di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró, tí ó ní ọ̀jọ̀gbọ́n àti oyè tirẹ̀. Okùn kan ṣoṣo tí ó ṣì so méjèèjì pọ̀ ni ìkọ́ṣẹ́, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ń pè ní I.T. Bí okùn náà bá já, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò pàdánù. Ẹni tí ó ń wá ìwé tí kò rí i ni ìyà náà yóò jẹ jù.

Achimota àti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí ni ìgbìyànjú àkọ́kọ́ wáyé. Ní ọdún 1944, British Council dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Achimota, ní ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, láti kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní iṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ethel Fegan, tí ó ti ṣe alákòóso ilé-ìkàwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Girton ní Cambridge rí, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe ètò ẹ̀kọ́ náà kí ó tó kógbá wọlé. Síbẹ̀, kò parun láìní èso: Kalu Okorie, tí ó di olórí ìgbìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí ó yá, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn Achimota, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni kí ó rékọjá sí ìlú Òyìnbó. Èkejì ni kí ó máa ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìkàwé ní ọ̀sán, kí ó máa ka ìwé ní alẹ́, kí ó sì máa jókòó fún ìdánwò tí Ẹgbẹ́ Àwọn Olùtọ́jú Ilé-Ìkàwé ti Gẹ̀ẹ́sì ń fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Lábẹ́ ìlànà ẹgbẹ́ yìí, ìdánwò nìkan kò tó. Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìkàwé fún iye ọdún tí wọ́n là kalẹ̀ kò lè gba oyè wọn. Nítorí náà, ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún ẹ̀kọ́ nígbà náà. Òun ni ìpìlẹ̀, ìwé kíkà ni wọ́n ń fi kún un.

Ìbàdàn: ilé-ìkàwé tí ó bí ilé-ẹ̀kọ́

Ọdún 1948 ni wọ́n dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún náà ni John Harris dé láti Yunifásítì Otago ní New Zealand láti wá ṣe alákòóso ilé-ìkàwé rẹ̀. Lára àwọn ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ó ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Yaba wá, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé tí Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ará Èkó tí ó kú ní ọdún 1945, ti kó jọ nígbà ayé rẹ̀, tí ìjọba sì rà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní ọdún 1950, òfin pàṣẹ pé kí àwọn tí ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé yìí. Bí ìwé Yorùbá, ti Hausa, ti Ìgbò àti àwọn ìwé pélébé ọjà Onitsha ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé nìyẹn.

Kò sí ìwé ẹ̀kọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù tí ó lè sọ fún ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́ bí yóò ti ṣe ìwé pélébé tí kò ní ọdún ìtẹ̀jáde, tí orúkọ òǹkọ̀wé rẹ̀ sì yàtọ̀ lórí èèpo sí èyí tí ó wà nínú. Lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ní ọdún 1953, UNESCO pe àpérò kan sí Ìbàdàn lórí ìdàgbàsókè ilé-ìkàwé fún gbogbo ènìyàn ní Áfíríkà. Ní ọdún 1954, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí dá Ẹgbẹ́ Ilé-Ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1957, àjọ Carnegie ti New York rán Harold Lancour láti Amẹ́ríkà láti wá wo ipò tí àwọn ilé-ìkàwé wà. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1958, ó sì dábàá pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Owó Carnegie ni wọ́n fi dá Institute of Librarianship sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu ní ọdún 1960.

Abẹ́ àkóso Harris, tí ó jẹ́ alákòóso ilé-ìkàwé, ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti gbéra. Ìgbésẹ̀ péré ni ó wà láàárín ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbọ́ nípa kátálọ́ọ̀gù àti ibi tí kátálọ́ọ̀gù gan-an wà. Àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ sún mọ́ ara wọn jù lọ.

Ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá

Àwọn ọdún 1960 mú àyípadà wá. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró láàárín yunifásítì. Ní Ghana, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àkúrà lẹ́yìn òmìnira wọ inú Yunifásítì Ghana ní Legon ní ọdún 1965, níbi tí Ilé-Ìkàwé Balme wà. Ní Dakar, ilé-ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNESCO fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ń sọ Faransé di EBAD ní ọdún 1967, ó sì so iṣẹ́ ilé-ìkàwé pọ̀ mọ́ ti ilé àkójọpọ̀ ìwé ìjọba. Ní ọdún 1968, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀.

Ti Zaria yìí yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì. Ní Ìbàdàn, ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn ni wọ́n fẹ́, nítorí pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò ṣe aṣáájú. Ní Zaria, wọ́n wò ó pé àwọn tí ó ní oyè kò pọ̀ ní Àríwá nígbà náà, àti pé ilé-ìkàwé tí ó nílò òṣìṣẹ́ kò lè dúró dè wọ́n. Ìròyìn tí F. A. Sharr kọ ní ọdún 1963 lórí ohun tí Àríwá Nàìjíríà nílò nípa ilé-ìkàwé ti la ojú ọ̀nà sílẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé fún ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Àríyànjiyàn lórí ọ̀nà méjèèjì pẹ́ láàárín àwọn onímọ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀nà Zaria ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà tọ̀ lẹ́yìn náà, ohun tí ó sì tẹ̀ lé e kò ṣeé sá fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń kọ́ iṣẹ́ náà di ẹni tí kò ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìkàwé rí. Ìrírí tí àwọn ará ìgbà Harris mú wá sí kíláàsì, àwọn wọ̀nyí kò ní i. Ó di dandan kí a rán wọn jáde lọ wá a.

Ètò SIWES

Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ilé-ìkàwé nìkan ni ó ní ìṣòro yìí. Ní ọdún 1971, ìjọba Nàìjíríà dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Àjọ náà rí i pé ẹ̀kọ́ orí ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà kò bá ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fẹ́ mu. Ní ọdún 1973, ó gbé ètò SIWES kalẹ̀, pé kí akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ ṣiṣẹ́ lóde kí ó tó gboyè. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ètò náà gbòòrò títí tí ó fi kan ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ilé-ìkàwé.

Owó kò jẹ́ kí ètò náà rìn ní ìrọ̀rùn. Ní ọdún 1978, àjọ náà fà sẹ́yìn nítorí ìnáwó. Ní 1979, ìjọba gbé e fún àjọ tí ń ṣe àbójútó yunifásítì àti èyí tí ń ṣe àbójútó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ní 1984, ìjọba pinnu pé kí ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó bí i, ó sì padà ní 1985. Oṣù 6 ni wọ́n yàn fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, oṣù 4 fún ti pólì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú lọ́gbúùkù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń fọwọ́ sí i, olùkọ́ ń wá bẹ̀ ẹ́ wò.

Ilé-ìkàwé yunifásítì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, ìdí rẹ̀ sì yéni. Ibẹ̀ ni a ti lè rí gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ pa pọ̀ lábẹ́ òrùlé kan: ibi tí a ti ń ra ìwé, ibi tí a ti ń ṣe kátálọ́ọ̀gù, ibi tí a ti ń yá ènìyàn ní ìwé, ibi ìwé ìròyìn àti jọ́nà, ibi ìtúnwé-dì. Ẹni tí ó bá lọ sí Ilé-Ìkàwé Kenneth Dike ní Ìbàdàn, Hezekiah Oluwasanmi ní Ilé-Ifẹ̀, Nnamdi Azikiwe ní Nsukka, Kashim Ibrahim ní Zaria, tàbí John Harris ní Benin, tí wọ́n fi sọ orí ọ̀gá àgbà ti Ìbàdàn, yóò bá àwọn tí ó kàwé nínú iṣẹ́ náà níbẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ ń kọ́

Iṣẹ́ tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ jọ ohun kékeré. Yóò fi nọ́ńbà ìwọlé sínú ìwé tuntun, yóò lu òǹtẹ̀ ilé-ìkàwé sí ojú ewé tí wọ́n yàn, yóò lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò máa rìn láti pẹpẹ dé pẹpẹ, yóò máa wò bóyá ìwé kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀. Kò pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé ìwé tí wọ́n tò sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwé tí ó sọnù. Nínú ìlànà Dewey, 496.333 ni èdè Yorùbá, 896.333 ni lítíréṣọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kọ 4 dípò 8, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní ọdún 1938 yóò lọ jókòó sáàárín àwọn ìwé gírámà, ẹni tí ó ń wá ìtàn àròsọ yóò sì gbà pé ilé-ìkàwé kò ní in.

Ní ìgbà káàdì, ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ni tí ó yẹ ní ìrántí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń gba inú ihò ìsàlẹ̀ gbogbo káàdì tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ kátálọ́ọ̀gù kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà fà wọ́n yọ. Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ to káàdì tuntun, kì í fa irin náà jáde. Orí irin ni yóò gbé káàdì kọ̀ọ̀kan lé, ní ibi tí ó gbà pé ó yẹ ẹ́, káàdì náà yóò sì yọrí ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yóò wá yẹ̀ wọ́n wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò tọ́, yóò fi ibi tí ó yẹ hàn án àti ìdí rẹ̀. Èyí tí ó tọ́, yóò fa irin, káàdì yóò sì wọlé. Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ hàn, ṣùgbọ́n kò tíì pa ẹnikẹ́ni lára. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọmọdé ni ó ń to káàdì, àgbà ni ó ń fa irin.

Orúkọ ènìyàn ni ó sábà máa ń dán òye wọn wò jù. Samuel Johnson kan wà tí ó kọ ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. A bí i ní 1709, ó kú ní 1784. Samuel Johnson mìíràn wà, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí a bí ní 1846, tí ó kú ní 1901, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ kí ó tó jáde ní 1921. Lẹ́tà sí lẹ́tà, orúkọ wọn bá ara mu. Ọdún ìbí àti ikú nìkan ni kátálọ́ọ̀gù fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ lè sọ òfin yìí ní gbólóhùn kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá àwọn Johnson méjèèjì pàdé nínú dúrọ́ọ̀ kan náà kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ní Zaria, ìbéèrè náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Tafawa Balewa tí ó wà nínú orúkọ Abubakar Tafawa Balewa, ẹni tí ó kọ Shaihu Umar, jẹ́ orúkọ ìlú kan ní agbègbè Bauchi, kì í ṣe orúkọ ìdílé bí àwọn Òyìnbó ti mọ̀ ọ́n. Èwo ni kí a fi ṣáájú? Ní Dakar, òǹkọ̀wé àti olùdarí fíìmù tí ayé mọ̀ ní Ousmane Sembène máa ń fi Sembène ṣáájú lórí ìwé rẹ̀. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní òkè òkun kò lè dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tán. Ẹni tí ó mọ bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà ti ń sọ ọmọ lórúkọ ni yóò dáhùn rẹ̀.

Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún lójú ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tí kò ní àmì, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí i bí ìwé lórí ọkọ̀ ojú omi ṣe dàpọ̀ mọ́ èyí tí ó wà lórí iṣẹ́ oko yóò mọ̀ pé àmì kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ìgbà kọ̀ǹpútà àti àwọn ìṣòro rẹ̀

Ní àwọn ọdún 1990, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TINLIB wọ ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Koha dé, èyí tí wọ́n ṣe ní New Zealand ní ọdún 1999, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó. Èdè Māori ni orúkọ rẹ̀, ó sì túmọ̀ sí ẹ̀bùn. Ilẹ̀ tí Harris ti wá ní 1948 ni ètò yìí náà ti wá.

Kọ̀ǹpútà mú ìrọ̀rùn wá, ṣùgbọ́n ó mú irin náà lọ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀ tí ó sì fi pamọ́ lè hàn sí gbogbo ayé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù èyí mú kí àwọn ọ̀gá kan má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan kátálọ́ọ̀gù rárá. Wọ́n ń rán an ní iṣẹ́ ẹsẹ̀, ó ń nu eruku, ó ń gbé ìwé padà sórí pẹpẹ fún oṣù 6, ó sì ń padà sí kíláàsì pẹ̀lú lọ́gbúùkù tí ó kún fún gbólóhùn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni Koha fúnra rẹ̀ gbà kí a pín àṣẹ fún olúkúlùkù, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe èyí kí ó má lè ṣe tọ̀hún. Ìlànà irin ṣì ṣeé tẹ̀ lé bí ọ̀gá bá ní sùúrù.

Àwọn ìṣòro mìíràn ti òde wá. Láti ìgbà tí náírà ti já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, owó ìwé àti jọ́nà láti òkè òkun di ẹrù wúwo. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wà ní ẹ̀ka ìwé rírà fún ọ̀sẹ̀ pípẹ́ láì rí ìwé tuntun tí wọ́n rà. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní ọdún 2020 gbà tó oṣù 9, ti ọdún 2022 gbà tó oṣù 8. Irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń fún kàlẹ́ńdà ẹ̀kọ́ pọ̀, àsìkò ìkọ́ṣẹ́ kì í sì í pẹ́ fojú winá rẹ̀.

Ìkádìí

Ní ọdún 1995, òfin dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé sílẹ̀ ní Nàìjíríà múlẹ̀. Iṣẹ́ náà tipa bẹ́ẹ̀ wọ ẹgbẹ́ àwọn iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò. Ẹni tí ó bá jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yóò ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn àgbà dókítà kí a tó fi aláìsàn lé e lọ́wọ́ pátápátá. Ilé-ìkàwé náà ní ohun tí ó lè kú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú: ìwé pélébé tí ẹ̀dà rẹ̀ ṣẹ́kù kan, ìwé ìròyìn tí ó ti ń gbó, orúkọ tí bí a bá kọ ọ́ sí ibi tí kò yẹ, òǹkọ̀wé náà yóò pòórá.

Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ni kò le. Níbi tí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé bá ti jọ mọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wá kọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé, tí wọ́n sì yí i ká gbogbo ẹ̀ka láàárín oṣù 6 náà, ìkọ́ṣẹ́ máa ń so èso. Níbi tí olùkọ́ bá ti gbà pé iṣẹ́ òun parí sí kíláàsì, tí ọ̀gá ilé-ìkàwé sì rí akẹ́kọ̀ọ́ bí ọwọ́ ọ̀fẹ́ tí ó wá bá òun gbẹ́rù, àkókò ni wọ́n jọ ń pa. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Achimota àti ní Ìbàdàn kò ní owó púpọ̀, wọn kò sì ní kọ̀ǹpútà. Ohun tí wọ́n ní ni tábìlì kan tí ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ jọ jókòó sí, tí ìwé tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì wà láàárín wọn. Kò sí ilé-ìkàwé yunifásítì kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lónìí tí ó tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè pèsè irú tábìlì bẹ́ẹ̀.